Ẹnu Òkété Kún

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi eyín mi búra. Ó dáa, eyín kan ṣoṣo ni mo fi búra, èyí tó ń ro mí, torí mo ṣì nílò àwọn tó kù. Bí ibì kan nínú ẹ̀ bá wọ́, ẹ jẹ́ n parí ná kẹ́ ẹ tó pariwo.

Ààlọ̀ mi fò pẹ́ẹ́, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Òkété àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Pákúté ti mú ọkọ Òkété lọ. Àgbàrá òjò ti gbá oko rẹ̀ lọ. Ó ku òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké, tí wọ́n máa ń ké nínú ihò, "Wín-wín-wín! Ìyá, ebi!" Tíntín ni àkọ́bí wọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pe Òkété ní Ìyá Tíntín.

Ní ìlú àwọn ẹranko yìí, àṣà kan wà. Ẹni tí ebi bá ń pa lè yà sínú oko olóko, kó jẹ àgbàdo títí yóò fi yó. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé hóró kan jáde. Ẹni tó bá gbé e jáde, olè ni, wọ́n á lé e tòun tọmọ rẹ̀ kúrò nílùú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Òkété wọ oko Ọ̀yà. Ó jẹ, ó yó. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó ṣe é bíi pé ó ń gbọ́ wín-wín-wín. Ó fi hóró kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó fi òmíràn sí tòsì. Ó ń fi í síbẹ̀, ó ń fi í síbẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bọ̀ǹbọ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta lọ́tùn-ún lósì.

Ó kù díẹ̀ kó dé ihò rẹ̀ ni Ọ̀yà yọ sí i.

"Ìyá Tíntín, ẹ káàárọ̀ o."

"Hùn-ùn-hùn."

"Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

"Hùn-ùn-hùn!"

Ọ̀yà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo tòsì, ó figbe ta: "Olè! Wọ́n ti kó oko mi sẹ́nu o!"

Gbogbo ará ìlú tú jáde, wọ́n mú Òkété lọ síwájú Baálẹ̀ Ẹfọ̀n. Baálẹ̀ ní kó wí tẹnu ẹ̀. Áà! Bí Òkété bá la ẹnu, àgbàdo á dà sílẹ̀, ebi á pa àwọn ọmọ. Bí kò bá la ẹnu, wọ́n á lé gbogbo wọn. Ẹ̀yin lẹ máa bá a dáhùn o, torí ẹnu tirẹ̀ kún:

Òkété, kí lo gbé?
*Hùn-ùn-hùn!*
Ta lo gbé e fún?
*Hùn-ùn-hùn!*
Fọhùn ká gbọ́!
*Hùn-ùn-hùn!*
Ẹnu kún, ọ̀rọ̀ há.
*Hùn-ùn-hùn!*

Baálẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kíní, hùn-ùn-hùn. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, hùn-ùn-hùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Baálẹ̀ fẹsẹ̀ janlẹ̀ gìdì: "Ìyá Tíntín, fọhùn, àbí kó o lọ kó àwọn ọmọ rẹ jáde nílùú mi!"

Omi bọ́ lójú Òkété. Ó tu àgbàdo náà sórí ẹní, pọ́, pọ́, pọ́.

"Bàbá, kí ẹ pẹ́. Mo jẹ tèmi lóko bí àṣà ṣe wí. Àwọn ọmọ mi ò lè rìn dé oko, ni mo bá ń gbé oko lọ bá wọn. Ká ní ẹsẹ̀ wọn ti gbó ni, wọn ì bá wá jẹ ẹ́ fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò ní pè wọ́n lólè."

Ni ẹjọ́ bá di àríyànjiyàn. Ehoro dìde: "Òṣì ló sọ ọ́ dolè! Ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á tún jalè." Ó mú hóró kan lórí ẹní láti fi ṣàpèjúwe, ó gbàgbé, ó jẹ ẹ́. Kàù!

Ewúrẹ́ fò dìde: "Irọ́ ni! Èmi náà tálákà ni, mi ò jalè rí. Ìwà ni, kì í ṣe òṣì!"

Ehoro ní, "Ewúrẹ́, èèpo iṣu ta ló wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

"Èyí? Mo kàn ń bá wọn gbé e dání ni." Ó mú hóró díẹ̀, ó fi gbé èèpo mì. Kàù-kàù!

Ọ̀yà ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo òun ni lóòótọ́, ó tọ́ ọ wò. Kàù-kàù-kàù! Baálẹ̀ náà ní adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀rí wò fínnífínní. Ó bu ẹ̀kúnwọ́.

Oòrùn yẹ àtàrí, wọ́n ṣì ń jà lórí ọ̀rọ̀ òṣì, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀rí wò. Òkété dorí kodò, ó ń dúró de ìdájọ́, kò fọwọ́ kan ẹní. Nígbà tó gbójú sókè, ẹní ti mọ́ bí ẹni pé wọ́n fi omi fọ̀ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo àwọn ọmọ mi dà?"

Gbogbo wọn fọwọ́ bo ẹnu. Òkété wá ní,

"Gbogbo yín lẹ jẹun nílé kẹ́ ẹ tó wá. Ta ni ebi ń pa nínú yín?"

Ó yá, ẹ bá wọn dáhùn o, ẹnu tiwọn ló kún báyìí:

Ehoro, kí lo gbé?
*Hùn-ùn-hùn!*
Ewúrẹ́, ta lebi ń pa?
*Hùn-ùn-hùn!*
Baálẹ̀, ẹ fọhùn ká gbọ́!
*Hùn-ùn-hùn!*
Ẹnu kún, ọ̀rọ̀ há.
*Hùn-ùn-hùn!*

Ọ̀yà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àgbàdo ẹnu rẹ̀ fọ́n sí Baálẹ̀ nírùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì í. Ó ní, "Ìyá Tíntín, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká padà sóko. Ẹ kó àgbàdo kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, èmi náà á kó o kún tèmi, ká gbé e dé ihò yín kí àwọn ọmọ tó sùn."

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Òkété, ó bẹ̀ ẹ́. Ó pàṣẹ pé láti òní lọ, ẹni tó bá lọ́mọ nílé lè gbé ìwọ̀n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété fi dà bí àpò títí dòní.

Ìtàn yìí kọ́ wa pé ebi lè ti ènìyàn ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe. Àmọ́ ẹni tó yó náà ń jalè, ó kàn ń fún un lórúkọ mìíràn ni. Ká tó pe ẹnì kan lólè, ká kọ́kọ́ béèrè ta ló ń dúró dè é nílé.

Ó wá ku eyín tí mo fi búra. Gbogbo ohun tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀, títí dórí èèpo iṣu ẹnu Ewúrẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni mo fi kún un: Baálẹ̀ ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì pàṣẹ kankan. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sílé. Ọ̀yà ló kàn ń jẹ́ kí Òkété máa kó àgbàdo kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóko rẹ̀ láti ọjọ́ náà, àwọn tó kù sì ń ṣe bíi pé àwọn ò rí i.