Ẹni Tí Ń Gbé Ọmọ Kúrò Nínú Eruku

Ọkùnrin kan wà. Jókòó ná, Oyèwùsì, má dúró lé mi lórí. O ní ìyá ìyàwó rẹ ló ń fi ibà ṣe ọmọ rẹ, o sì fẹ́ kí èmi olórí agbolé fún ọ láṣẹ kí o lé e. Irú ẹjọ́ yìí ti sú mi. Gbọ́ ti ọkùnrin tí mo ń sọ.

Àgbẹ̀ ọkà bàbà ni. Ọlọ́run fún un ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn tí aráyé ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́. Kò sí ohun tí kò lè ṣe nítorí ọmọ náà.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ọkà, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Wọ́n á gbé igbá sókè, wọ́n á máa da ọkà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kó ìyàngbò lọ. Wọ́n á kó ọkà èṣí tó ti bu nínú àká jáde, wọ́n á fẹ́ òun náà. Eruku rẹ̀ a máa yún ni lọ́fun. Àárín rẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣeré, nítorí ta ni í lé ọmọ kúrò níbi tí gbogbo ilé ti ń yọ̀?

Ìgbà náà ni ara ọmọ máa ń gbóná. Ojú á pọ́n, ètè á pọ́n, àgbo kò ní ràn án. Ìyá ìyàwó ọkùnrin yìí, arúgbó kan tó ń gbé ní òdìkejì odò, á wá pọn ọmọ lọ sílé tirẹ̀. Kò ní pẹ́, ọmọ á jẹun, á tún máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yẹ kí ọkùnrin yìí fi dúpẹ́ ni ó fi bínú. Àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó tì í.

"Ṣé o kò rí i ni? Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ló ti ń gbádùn. Ẹni tó mọ bí a ti ń tú u ló so ó. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Họ́wù! Ọmọ tí kò tíì kú! Ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n gbọ́, ó lé arúgbó náà lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó náà kò jà.

Ó ní, "Mo gbọ́, àna mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa gbé e kúrò nínú eruku yẹn."

Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, wọ́n fẹ́ ọkà, ara ọmọ gbóná, kò sì sí ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n lọ. Bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àjẹ́, ó wá ṣí fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá kí ooru má pa ọmọ. Ìgbà tí awọ ìka ọmọ ń bó ni ó tó gbé e dé ọsibítù.

Dókítà ní, "A kò tíì mọ ohun tó ń fa àìsàn yìí dájú. Àwọn kan rò pé ohun tí ojú kò lè rí ló ń bá eruku rìn nínú afẹ́fẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ jù, bàbá. Ó ti dé ọkàn rẹ̀."

Ọmọ náà kò kú. Àmọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, á sáré díẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá rẹ̀ á máa wò ó. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Oyèwùsì, ẹ̀bi tó ní ojú àti imú la máa ń fẹ́, nítorí a lè bú u, a lè lé e jáde. Ta ló lè bá ọyẹ́ jà? Bí dókítà bá ní "ó lè jẹ́", a ní kò mọ nǹkan kan. Bí ẹbí wa bá ní "òun ni", a ti gbà. N kò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n "ó lè jẹ́" tó ohun tí èèyàn fi ń gbé ọmọ kúrò nínú eruku. Kò tó ohun tí èèyàn fi ń lé ìyá arúgbó síta.

N kò ní àṣẹ kankan fún ọ. Ara ọmọ rẹ ń gbóná nílé báyìí, ìwọ jókòó síbí pẹ̀lú ìyàngbò lórí fìlà rẹ, ò ń bá mi wá àjẹ́. Dìde. Ìyá tí o fẹ́ lé yẹn ni kí o bẹ̀ kí ó pọn ọmọ, kí ẹ jọ máa lọ sí ọsibítù. Bí o bá fẹ́ bínú, padà wá bínú sí mi lọ́la.