Ọ̀pá Ìwọ̀ Tí Ó Gùn Ju Odò Lọ

Ní ìlú Ẹsẹ̀-Òkè, níbi tí odò Ìyẹ́rẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta méjì, opó kan wà tí ń jẹ́ Ẹfúnyẹlá. Àrùn ìgbóná ti gba ojú òsì rẹ̀ láti kékeré, ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, oko àti ilé bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ibú kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ti ń pa ẹja ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ẹja inú rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ẹja pípa nígbà ọyẹ́ ní Ìyẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Omi á mọ́ gaara, á sì tutù débi pé á máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀ bí ìjàlọ. Ẹja á lúgọ sábẹ́ òkúta, kò ní wo ekòló lójú. Ohun kan ṣoṣo ló ń tàn án jáde: ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí a fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tó já sómi. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa kò lè so ó.

Àṣà wọn sì le. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí odò, ẹni tó ni ibú yóò jókòó sórí òkúta kan létí omi, yóò so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ lójú gbogbo apẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ tirẹ̀, lórí àmì tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. Bí onítọ̀hún kò bá rí i so, ẹni ẹ̀yìn yóò ju ìwọ̀ kọjá lórí rẹ̀ sínú ibú, ibú di tirẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ọ̀ṣúndáre, àbúrò ọkọ Ẹfúnyẹlá, ní òun ni òun máa dúró lẹ́yìn ìyàwó àwọn. Ẹfúnyẹlá kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Agùntáṣọọ́lò ló sọ ọ́, nítorí pé ó ga. Láti ìgbà tí ọkọ Ẹfúnyẹlá ti kú, ọkùnrin yìí kò bèèrè ohun tí opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ fún odindi ọdún mẹ́ta. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi ìdáná wá. Ẹfúnyẹlá gba igi, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó tú ìdì náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ejò wà níbẹ̀. Kò sí ejò. Ìyẹn gan-an ló wá bà á lẹ́rù.

“Ìyàwó,” Ọ̀ṣúndáre bi í lọ́jọ́ kan, “ojú yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ríran?”

“Ó ń rí ohun tó yẹ kó rí, Agùntáṣọọ́lò.”

“Kò burú. Mo kàn ní kí n bèèrè ni.”

Kí ló kan ọkùnrin yìí nínú ojú òun? Ẹfúnyẹlá rò ó títí, kò rí ìdí kan tó dára. Nígbà tó sọ ọ́ fún aládùúgbò rẹ̀, ìyẹn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Wọ́n ń ṣe ọ́ lóore, o ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè! Ìfura tìrẹ ti pọ̀ jù.”

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n ṣí odò, Ọ̀ṣúndáre gbé ọ̀pá ìwọ̀ tuntun wá fi hàn án. Ọparun ni, ó ti gbẹ́ orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ó na orí ọ̀pá náà sí i lójú gan-an bó ti ń rẹ́rìn-ín, Ẹfúnyẹlá kò sì rí ju ṣóńṣó náà lọ.

“Báwo ló ṣe gùn tó?” ló bi í.

“Ọ̀pá lásán ni, ìyàwó. Kí lo fẹ́ fi gígùn rẹ̀ ṣe?”

Lọ́jọ́ kejì, Ẹfúnyẹlá gun òkè lọ ṣẹ́gi lọ́sàn-án. Bó ti bojú wolẹ̀, ó rí Ọ̀ṣúndáre létí odò, òun nìkan. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àmì ara àpáta, ó na ọ̀pá náà tààrà. Ọ̀pá náà kọjá òkúta ìjókòó ní nǹkan bí apá kan, ní ibi tí ojú ẹni tó jókòó síbẹ̀ yóò wà gẹ́lẹ́ bó bá yíjú padà. Ó fà á padà, ó tún nà án. Ibú tí ọmọdé lè ju òkò kọjá, kí ni wọ́n ń fi ọ̀pá tó gùn ju odò lọ ṣe níbẹ̀? Síbẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Òfin kò ní kí ọ̀pá ẹnikẹ́ni má gùn.

Ọjọ́ pé. Ẹfúnyẹlá kúnlẹ̀ níwájú Baba Olódò, olórí àwọn apẹja. “Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n so ìwọ̀ mi nínú omi.”

“Nínú ọyẹ́ yìí? Ọwọ́ rẹ á kú!”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, Baba.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Ọ̀ṣúndáre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Baba Olódò gbà fún un. Ọ̀ṣúndáre bọ́ sórí àmì ara àpáta. Obìnrin náà gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ gíga lé orí òkúta ìjókòó kó lè wà láàárín òun àti ẹni ẹ̀yìn, ó sì rọra wọ odò títí omi fi dé ìbàdí rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kíní, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gba ìyẹ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, òwú yọ̀ bọ́, nítorí kò mọ̀ mọ́ bóyá ìka òun wà lọ́wọ́ òun. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ki ìka bọ ẹnu kí ó lè móoru.

“Ó ku ẹ̀ẹ̀kan!” ni Ọ̀ṣúndáre kígbe.

Bí ó ti kígbe ni ó ta gìrì síwájú, ọ̀pá rẹ̀ sì yọ tààrà. Ó gún agbọ̀n orí òkúta náà ní àgúnyọ, ó dúró síbẹ̀, ó ń mì.

Gbogbo èèyàn yíjú sí Ọ̀ṣúndáre.

“Ẹsẹ̀ mi yọ̀,” Ọ̀ṣúndáre wí. “Omi wà lórí àpáta.”

Baba Olódò bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tí Ọ̀ṣúndáre dúró sí, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Eruku ọyẹ́ ló kún un, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.

Ẹfúnyẹlá kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó fi eyín fa òwú, ìyẹ́ náà dì pinpin, ó sì ju ìwọ̀. Kò pẹ́ tí okùn fi le, ó fa ẹja jáde, ẹja ń jà pìtìpìtì. Nígbà tó gòkè odò, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Baba Olódò bọ́ aṣọ ara rẹ̀ bò ó.

“Ọmọ mi, ta ló ta ọ́ lólobó?”

“Kò sẹ́ni kankan, Baba. Nígbà tó nà án sí mi nítòsí, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ìgbà tí mo jìnnà sí i ni mo tó rí gígùn rẹ̀. Ojú kan ló ṣẹ́kù fún mi. Ṣé kí n dúró títí yóò fi dé ibẹ̀ ni?”

Ohun tó mú kí àwọn àgbà máa kìlọ̀ fún ọmọ wọn títí dòní nìyẹn, pé: igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.