Àlàfo Méjì Lẹ́yìn Gbólóhùn

Ọkùnrin kan wà tó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìtàn ìdílé rẹ̀, láti orí baba ńlá wọn títí dé orí àwọn ìkókó. Nílé wọn, ẹni tí ń ka ìtàn kì í sáré. Bó bá ka gbólóhùn kan tán, á dúró kí àgbà ilé dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," kó tó máa bá a lọ. Ìwé tí ọkùnrin yìí fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìtẹ̀wé sì sọ pé lẹ́yìn àmì ìdánudúró, àlàfo méjì ni. Inú rẹ̀ dùn. Lójú tirẹ̀, àlàfo méjì yẹn ni ìjókòó "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nígbà tí ìpàdé ẹbí kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adúnọlá, tún ìtàn náà tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè fi ṣe ìwé fún gbogbo ẹbí. Bàbá wò ó, ó kígbe.

"Adúnọlá! Àlàfo mi dà?"

"Mo ti dín in kù sí ẹyọ kan, Bàbá. Lórí ẹ̀rọ yín, lẹ́tà tín-ínrín àti lẹ́tà gbẹ̀ǹgbẹ̀, àyè kan náà ni wọ́n ń gbà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi méjì sí i kí òpin gbólóhùn lè hàn. Kọ̀ǹpútà yìí ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹyọ kan ti tó."

"Ó tó fún ẹ̀yin tí ẹ ń sáré! Ibo ni ìyá mi yóò ti dáhùn? Ìwé yìí kò ní í jáde."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ti bàjẹ́, tàdáwà inú ìwé àtijọ́ ti ń parẹ́. Bí èyí kò bá jáde, ìtàn yóò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ síwájú ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá tẹ̀ lé e, ó dijú, ó ń retí ibi tí ìdáhùn yóò ti sọnù.

Adúnọlá ka gbólóhùn kan, ó dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyá àgbà wí.

Ó ka òmíràn, ó tún dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Nígbà tó kan orúkọ ọkọ ìyá àgbà, ìyá pàtẹ́wọ́. Bàbá lajú. Ìdáhùn kan kò sọnù.

"Màámi, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ẹ ó ti dáhùn?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí n kò mọ̀wé, ìgbà wo ni mo rí àlàfo rẹ rí? Ẹni tó ń kà á ló ń dúró dè mí."

Bàbá fò sókè bí ọmọdé. "Adúnọlá, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, lónìí! Dúró ná. Ǹjẹ́ àlàfo méjì kankan ṣẹ́ kù? Jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yọ ọ́!"

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, tí ò ń bínú pé ọmọ rẹ kò ṣe é bí o ti ṣe é, kọ́kọ́ jẹ́ kó kà á sí ọ létí. Bó bá dúró de àgbà, ẹ̀kọ́ rẹ ti wọlé. Ìwọ náà, dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni."