Kẹ̀kẹ́ Ọdẹ́níyì Nínú Igbó Aláìsùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ènìyàn yín rí, nítorí ẹ̀yin ni ìtàn yìí yóò tètè yé. Ọdẹ́níyì ọmọ Ọdẹ́kúnlé ni ọdẹ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìlú Apárá ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní igbó, ilé ìwé ìjọ kọ́ ọ ní ìwé, ṣùgbọ́n ìkíni ni ó mọ̀ ṣáájú méjèèjì. Bí ó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí ó rí àgbà, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò fi kẹ̀kẹ́ ti igi, yóò dọ̀bálẹ̀. Ìbídùnní aya rẹ̀ kú ní ọdún tí ó kọjá. Àṣàkẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nìkan ni ó kù fún un, bí ẹyin iná kan ṣoṣo tí ó kù nínú ààrò nígbà òjò.

Ibà wá dì mọ́ Àṣàkẹ́, ọrùn rẹ̀ gan bí igi. Ní ilé ìwòsàn tí ó wà ní òdìkejì igbó, nọ́ọ̀sì fi ìgò oògùn lé Ọdẹ́níyì lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, kí oòrùn tó wọ̀ lónìí ni kí ó mu ún. Bí ó bá di ọ̀la, n kò mọ ohun tí a ó sọ mọ́." Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó kọjá ní òwúrọ̀, àgbàrá ti gbé afárá ọ̀nà ńlá lọ. Wọ́n ní ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá, ṣùgbọ́n àdá kì í ṣe afárá. Igbó Aláìsùn, ilé àwọn iwin, nìkan ni ó kù. Ọdẹ́níyì so ìgò náà mọ́ àyà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọ igbó.

Ní ẹnu igbó, iwin kan jókòó, ojú rẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀kẹta ń ṣọ́nà. Ọdẹ́níyì sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni iwin náà wí. "Ní ẹnu ọ̀nà níbí, ìdọ̀bálẹ̀ yìí kò ní ìyà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Ti ọ̀tún tẹ́jú bí ẹní, ọmọdé lè gbà á, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni. Ti òsì dúró bí ògiri, ẹni tí ayé sú ní ń gbà á. Ti àárín kò rọrùn, kò sì kọjá agbára. Yóò gbé ọ dé Apárá kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí ó bá kàn án, igbó yóò gba wákàtí kan nínú oòrùn rẹ. Ó tún ku ìbéèrè kan: kí ni ó wúwo ju òkú lọ?"

Ọdẹ́níyì ní, "Ẹni tí ó ń kú lọ ni, bàbá. Òkú, a gbé e, a sin ín, ọwọ́ wa sì ṣófo. Ẹni tí ó ń kú lọ kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀."

Ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. "Máa lọ."

Ọ̀nà àárín náà gbé e sókè bí ìyá tí ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ìyá tí inú ń bí. Gbòǹgbò yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Ní òkè, ó fi àyà lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ṣéènì ń han. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi ara sẹ́yìn, ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí táyà má baà yọ̀ lórí òkúta. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn iwin kéékèèké ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín.

"Ọkọ ìyàwó, ṣé ilé àna lò ń lọ? Dúró ká bá ọ ru ẹrù."

"Ẹ fi í sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ún."

Ó ń wà á lọ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ìgò kò bá tíì dé ẹnu Àṣàkẹ́, ìsinmi kò sí.

Ó yí kọ̀rọ̀ kan báyìí, ó bá arúgbó obìnrin kan tí ó ru ẹrù igi lérí, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá náà ní, "O kú ìrìn, ọmọ mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Ọdẹ́níyì tó rántí, ẹ̀kọ́ ilé ti rán ẹsẹ̀ rẹ̀ níṣẹ́: ó sọ̀kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá." Àyà rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ tí oòrùn fi já wálẹ̀ lójú ọ̀run bí àgbọn tí ó gbó.

Arúgbó náà wò ó tàánútàánú. "Wọ́n tọ́ ọ dáadáa," ni ó wí. "Ó mà ṣe o."

Ọdẹ́níyì gun kẹ̀kẹ́, ó ń sunkún, ó ń wà á lọ. Nínú odò kékeré kan ni Ìbídùnní dúró sí, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

"Bàbá Àṣàkẹ́, láti ọdún kan, o kò ní sọ̀kalẹ̀ kí mi?"

Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Ọdẹ́níyì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin. Ó ní, "Ìbídùn, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, o mọ ẹni tí ń retí mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan bá ọ sọ."

Obìnrin náà yà fún un. "Rọra níbi òkúta iwájú yẹn," ni ó wí, "ó ń yọ̀." Títí di òní, Ọdẹ́níyì kò mọ ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí ó dé Apárá. Àwọn àgbà ilé jókòó ní ojúde. Ó gun kẹ̀kẹ́ la àárín wọn kọjá, ó gùn ún wọ inú ilé, títí dé orí ẹní ọmọ náà. Bàbá Ìbídùnní ní, "Ọdẹ́níyì, àwa lo ṣe báyìí sí?" Kò gbọ́. Ó ń ro oògùn sí ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ibà rọlẹ̀, Àṣàkẹ́ la ojú. Bàbá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún pè é. Ó ń wo ẹnu rẹ̀ síbẹ̀. Etí ọmọ náà ni wákàtí kan yẹn mú lọ, kò sì dá a padà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkíni dára, n kò ní kí ẹ má kọ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ kọjá láì kí yín, ẹ má bú u. Ẹ yà fún un. Kí ẹ sì rọra bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ta ni ó ń ṣàìsàn nílé rẹ̀.