Ẹ́ńjìnnì Láyíwọlá Dákẹ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí Láyíwọlá jogún ń dún kó-kó-kó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó mú sípánà, bẹ́ẹ̀ ni kò tún ọkọ̀ ṣe rí.

"Olówó orí mi, ẹ bi mẹkáníìkì o," ni Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀ tí oṣù oyún rẹ̀ ti pé, wí.

"Kó lè fi mí ṣẹ̀sín?"

Ó fún àwọn tápẹ́ẹ̀tì, irin kéékèèké tó ń kanra wọn nínú ẹ́ńjìnnì, pinpin, kò fi àlàfo tí wọ́n nílò sílẹ̀ rárá. Ó tan ẹ́ńjìnnì wò. Ariwo ti lọ. Ó pa á.

"Ó ti dákẹ́!"

"Ó dákẹ́ jù."

Ni ìrọbí bá mú Àwẹ̀ró. Láyíwọlá gbé e sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ṣùgbọ́n àwọn irin tó gbóná ti wú, ọkọ̀ kò jí.

"Ọmọ yìí náà ti dákẹ́ nínú mi," ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́.

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì tó ti kú dún: kó-kó-kó.

Láyíwọlá sáré bọ́ síta. "Ẹ gbà mí o! N ò mọ̀ ọ́n ṣe!"