Bí Ọdẹ́tọ́lá Ṣe Wá Kókò Dé Igbó Etí Erin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùfẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jẹun, kí ó rọra máa jẹ. Ẹni tó ń fa ọmọ létí, kí ó fi í sílẹ̀ ná, nítorí ohun ìyanu ni mo gbé wá fún yín, ìtàn ọkùnrin kan tí kò lè jókòó, tó sì jẹ́ pé ìjókòó ni ayé rẹ̀ wá rọ̀ mọ́.

Ọdẹ́tọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọdẹ ìlú Àbàtàpẹ́, asáré-bí-ìjì, ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá gbé ìkòkò kaná, á ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹfà kí omi tó hó. Kókò ni wọ́n ń jẹ nílùú náà, kókò náà ni wọ́n ń tà. Ní ọdún kan, gbogbo kókò jẹrà láti ìdí, wọ́n rọ̀ bí ọṣẹ tó bọ́ sómi. Àwọn àgbà ní bí òjò kẹta bá rọ̀ tí kò sí ohun tí àwọn máa gbìn, kí oníkálukú di ẹrù rẹ̀, kí ìlú tú. Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká, ìyá Ọdẹ́tọ́lá, kò lè rìn mọ́, ó sì ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé òun kúrò lẹ́bàá sàréè ọkọ òun.

"Àkànní," ni ìyá fi oríkì rẹ̀ pè é, bó ti ń fi epo pupa ra á lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, "kókò tí kì í rà wà ní Igbó Etí Erin. Àmọ́ ìwọ tí kì í dúró kí n wọ̀ ọ́ lẹ́wù tán, ṣé wàá lè mú un bọ̀?"

"Ìyá mi, ṣebí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò."

"Hùn. Ẹsẹ̀ ajá náà yá, ibi tó ń lọ ni kò yé e."

Ó la Pápá Ìhúnra kọjá, níbi tí koríko ti ń jóni ju èsìsì lọ, tí ẹni tó bá dúró họra á di koríko lójú ẹsẹ̀; ó sáré, epo ìyá rẹ̀ sì gbà á. Ó dé odò tí ń ṣàn gun òkè, tí ẹja inú rẹ̀ ń fi ohùn ènìyàn bẹ èrò pé kí ó dúró gbọ́ ẹjọ́ àwọn. Ó sáré níbẹ̀ náà. Ó wá rò pé kò sí ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ yíyá kò lè ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa rí: oògùn tó wo ẹsẹ̀ sàn la tún fẹ́ kán sójú.

Nígbà tó dé Igbó Etí Erin, ewé kókò fẹ̀ níbẹ̀ bí òrùlé, wọ́n ń fẹ́ ara wọn láìsí afẹ́fẹ́. Iwin obìnrin kan dìde láti inú ẹrẹ̀, gbòǹgbò ni irun orí rẹ̀. Ó kó kókò mẹ́ta lé e lọ́wọ́, ó ní, "Máa gbìn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ ewé mẹ́ta, tìrẹ ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, ìwọ náà á di ẹrẹ̀."

Ọdẹ́tọ́lá gbin èkínní. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé ó ti ta gbòǹgbò ni? Ó fi ìka hú u wò, ó rí gbòǹgbò funfun kan bí òwú, ó dá a padà, kókò sì kú. Ó gbin èkejì, ó búra, ó rìn yí i ká títí ilẹ̀ fi jin. Nígbà tó yọ ewé kan, ó tún hú u, òun náà rọ.

Iwin bú sẹ́rìn-ín. "Ọdẹ, ṣé ẹ máa ń fa ọmọ jáde nínú oyún nílé yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti ní imú?"

Ó gbin ẹ̀kẹta, ó fi ìtàkùn di ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ igi. Nígbà tó yọ ewé, òwúrọ̀ kan mọ́, òjò kò rọ̀, síbẹ̀ ó rí ẹ̀kán omi kan ní ṣóńṣó ewé náà. Omi yẹn sanra, ó kán, òmíràn sì yọ. Ó wo àwọn ńláńlá tó yí i ká: gbogbo wọn ń kán bákan náà. Ó wo èyí tó hú: gbígbẹ ni.

"Áà! Ó ń mu omi nísàlẹ̀!"

"Ojú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là," ni iwin wí. "Ohun tó wà nísàlẹ̀ a máa ránṣẹ́ sókè, ẹni tó bá dúró ni a ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún."

Nígbà tí ewé kẹta là, iwin tú u sílẹ̀, ó di kókò náà fún un pẹ̀lú ọmọ kókò tó kún agbọ̀n kan, ó sì fi afẹ́fẹ́ ewé gbé e dé ẹ̀yìn odi ìlú. Òjò kẹta ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹrù ti wà lórí àwọn ènìyàn. Ó gbin kókò sétí odò, àwọn ènìyàn sì dúró wò ó. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Baálẹ̀ fi gbé ọkọ́ dé: "Àkànní, yẹ̀ ẹ́, jẹ́ ká hú u wò."

Ọdẹ́tọ́lá jókòó lé ebè. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ hú èmi ná."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ewé tuntun fi yọ. Baálẹ̀ rí i. Ó tú okùn ẹrù rẹ̀, ó fi so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ èèkàn. Àyọ̀ká sì ń sùn nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò gbé e kúrò lẹ́bàá sàréè ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, ọmọ tí ẹ ń tọ́, iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́, ìfẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ má máa hú wọn wò lójoojúmọ́. Ẹ bomi rin wọ́n, kí ẹ jókòó tì wọ́n.