Ìkéde Tó Wà Nílé Ìtọ̀ Ọ̀gá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ọ̀gá kì í ṣìṣe, tiyín rèé. Òfin ní kí wọ́n lẹ ìkéde ìdánwò iṣẹ́ ìjọba síbi tí gbogbo ayé ń dé. Ọ̀gá Akínfẹnwá, akọ̀wé àgbà káńsù, wá lẹ ẹ́ mọ́ ilé ìtọ̀ ara ẹ̀, tòun àtàwọn àna ẹ̀ tó ń wáṣẹ́ nìkan ń wọ̀. Ó wá kọ̀wé sí Ìbàdàn pé ibi tí gbogbo ayé ń dé lòun lẹ ẹ́ sí. Ọlọ́gbọ́n èèyàn. Abọ́sẹ̀dé tó ń fọ ibẹ̀ kà á, ó gbé fọ́ọ̀mù wá. Ọ̀gá ní, "Ṣé ilé ìtọ̀ èmi nìkan lo ti wá ń kàwé? Jáde." Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé láti Ìbàdàn, tí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó wá gbowó sì kún ọgbà káńsù, Abọ́sẹ̀dé ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ gbayawu: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ máa bọ̀ wá tọ̀." Wọ́n tò dé géètì. Ọ̀gá sáré jáde: "Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ ilé ìtọ̀ mi?" Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí Ìbàdàn pé gbogbo ayé ló ń débẹ̀. Tó bá jẹ́ tiyín nìkan ni, ẹ sọ fún alábẹ̀wò tó wà lórí ìlà yẹn, àwọn ló kàn láti wọlé." Ọ̀gá kọjú sí alábẹ̀wò: "Ti gbogbo ayé ni." Ló bá gba fọ́ọ̀mù Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé yege ìdánwò, ó ti di akọ̀wé báyìí. Ọ̀gá ṣì ń tò sẹ́yìn àwọn arúgbó kó tó tọ̀.